Kí Òróòro Má Fọ́

Ẹni tó bá ti ra ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ rí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń tà á, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń bá ni tún un ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìkòròdú gbé ẹja wa lọ bá ìyá kan tó jókòó nídìí pátákó rẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó ha ìpẹ́ ẹja náà dànù, ó la ikùn rẹ̀, ó ki ìka méjì bọ̀ ọ́, ìfun sì tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ jáde. Gbogbo rẹ̀ yá bí ẹni ń bó ọsàn. Ìgbà tó kan òróòro nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Àpò kékeré aláwọ̀ ewé ni, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ tímọ́tímọ́. Ìyá yìí fi ṣóńṣó ọ̀bẹ wá ìdí rẹ̀, ó gé e, ó sì gbé e sọ nù lódidi.

Ọmọbìnrin kan jókòó tì í, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bi ìyá náà pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí ọmọ náà bá wa ṣe é, kí a lè tètè máa lọ. Ó ní, "Ó ti fọ́ òróòro lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Ẹja tèmi ni mo fi ń kọ́ ọ, kì í ṣe ti oníbàárà."

A ò tíì dé Itóìkin lójú ọ̀nà ilé tí ẹ̀gbọ́n mi fi sọ ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá sísanra jà. Ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, orúnkún kò sì jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn mọ́. Dókítà kan ti bá wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín àpòlúkù kù. Ọ̀dọ́ ni dókítà náà, irú iṣẹ́ abẹ yìí kò sì tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò mọ iye tó ti ṣe," ni wọ́n wí. "Báwo ni n ó ṣe bi dókítà nírú ìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kò jẹ́ gbé aṣọ òkè fún télọ̀ tí kò tíì gba fìrídọ́ọ̀mù. Wọn kì í wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹbúté Ìkòròdú láìkọ́kọ́ wo ojú ẹni tó fẹ́ tù ú. Ẹnu wọn kò gba ìbéèrè kan ṣoṣo lórí ikùn ara wọn, nítorí pé dókítà ni ẹni tí wọ́n fẹ́ bi í. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nírú ipò yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àwa Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń yan oníṣẹ́ abẹ kí ọsibítù tó dé. Olóòlà ni oníṣẹ́ abẹ wa nígbà náà. Òun ló ń kọlà ojú, òun náà ló ń kọ ọmọkùnrin nílà. Ojú àwọn ọmọ tó ti kọ ní ń bẹ káàkiri àdúgbò. Bí pélé ọmọ kan bá wọ́, kò sẹ́ni tí kò ní rí i. Iṣẹ́ náà sì wà nínú ìdílé. Ọmọ á ti máa tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa kán omi ìgbín sójú ọgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ lé e lọ́wọ́.

Iṣẹ́ abẹ àpòlúkù kò ṣeé wò báyẹn. Ihò kéékèèké bíi mélòó kan ni wọ́n ń lu sára ikùn, wọ́n á ti kámẹ́rà gba inú ọ̀kan wọlé, wọ́n á máa wo ojú tẹlifísọ̀n ṣiṣẹ́. Bí ihò náà bá jinná, àpá gbogbo dókítà jọra wọn. Èyí tí wọ́n ń ṣe jù lágbàáyé lónìí ni sleeve, ìyẹn apá aṣọ. Orúkọ náà bá a mu, nítorí ohun tí télọ̀ ń ṣe sí bùbá tó fẹ̀ jù ló jọ. Wọ́n á ti rọ́bà gígùn kan gba ẹnu dé inú àpòlúkù kí ó jẹ́ òdiwọ̀n, wọ́n á wá gé àpòlúkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè lẹ́bàá ọ̀nà ọ̀fun. Bí a bá pín àpòlúkù sí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 75 sí 80 ni wọ́n ń gé sọ nù. Ẹ̀rọ tó ń gé e náà ló ń rán an lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fi àwọn pín-ìn-nì irin tín-tìn-tín kàn án pọ̀, bí a ti ń kan ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì.

Ojú rírán yẹn ni òróòro wa wà. Bí ibì kan níbẹ̀ kò bá dì dáadáa, pàápàá lókè pátápátá, omi inú àpòlúkù á máa jò sínú ikùn, gbogbo inú á sì di egbò. Lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kì í ju ẹnì kan tàbí méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lè lo ọ̀pọ̀ oṣù ní ọsibítù.

Ẹ jẹ́ kí n ya iṣẹ́ abẹ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára fífa ọ̀rá, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da méjèèjì pọ̀. Fífa ọ̀rá kò kan àpòlúkù, abẹ́ awọ ni irin rẹ̀ ń rìn, kì í sì í ṣe ìwòsàn sísanra. Síbẹ̀, ẹ ò ní gbàgbé Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, tó kú ní Spéènì ní ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà 2005, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n fa ọ̀rá fún un. Irin náà ṣìnà wọ inú ikùn, ó lu ìfun ńlá, ó sì gé ẹ̀dọ̀. Ní 2009, ilé ẹjọ́ níbẹ̀ dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún dókítà tó ṣe é, wọ́n fòfin de iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì ní kó san 120,000 owó yúrò fún ọmọ olóògbé. Obìnrin tó lè yan dókítà tó bá wù ú lágbàáyé nìyẹn. Òkèèrè kò fi hàn pé ọwọ́ mọṣẹ́.

Kí ló wá ń fi hàn? Ní 2003, Dókítà Philip Schauer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé oníṣẹ́ abẹ ní láti ṣe tó ọgọ́rùn-ún kí ọwọ́ rẹ̀ tó balẹ̀ nínú irú èyí tó le ju sleeve lọ, ìyẹn bypass, níbi tí wọ́n ti ń so ìfun mọ́ àpò kékeré tí wọ́n yọ lára àpòlúkù. Ìwádìí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Michigan, níbẹ̀ náà, ní 2013. Ogún oníṣẹ́ abẹ gbà kí wọ́n ya fídíò iṣẹ́ wọn, Dókítà John Birkmeyer àti àwọn tó bá a ṣe ìwádìí náà sì gbé fídíò náà fún àwọn oníṣẹ́ abẹ mìíràn láti fún un ní máàkì, láìjẹ́ kí wọ́n mọ ọwọ́ ẹni tó jẹ́. Láàárín àwọn aláìsàn tí àwọn tí máàkì wọn kéré jù tọ́jú, 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ti àwọn tí máàkì wọn ga jù jẹ́ 5.2. Ikú pẹ̀lú yàtọ̀: 0.26 nínú ọgọ́rùn-ún sí 0.05. Iye ọdún tí wọ́n ti lò nídìí iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni àwọn tó ń ṣe é léraléra lọ́dọọdún. Ẹni tó ní ewú lórí ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́rin ló ń ṣe é, mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀ ju ọ̀dọ́ tó ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n sá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Dókítà Edward Mason ṣe bypass àkọ́kọ́ ní Iowa ní 1966, ta ló ti ṣe é ṣáájú rẹ̀? Bí gbogbo èèyàn bá ń sá fún akọ́ṣẹ́, nílẹ̀ yìí tí irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n ṣe fún àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ ìyá Olúwo ni mo ń padà sí. Ó ní ẹja tirẹ̀ tó fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Bí òróòro bá fọ́, òun ló ń jẹ ẹja kíkorò. Kò sí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù. Gbogbo ikùn tó bá dé orí tábìlì, ó ní ẹni tó ni ín. Nítorí náà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ dúró ti akọ́ṣẹ́, kí ó ti ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́, kì í ṣe kí ó wà nílé kó máa retí ìpè, ẹni tí wọ́n fẹ́ là sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Akọ́ṣẹ́ tó ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, mo lè fi ẹ̀gbọ́n mi lé e lọ́wọ́. Èyí tó dá wà, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀gá ara rẹ̀, mi ò lè ṣe é.

Ìwé ẹ̀rí rọrùn láti mọ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, MDCN, ń fún wọn ní láísẹ́ńsì ọdọọdún. Ẹni tó bá yege gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ abẹ máa ń kọ FWACS tàbí FMCS sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. HEFAMAA ló ń bójú tó àwọn ọsibítù nípìnlẹ̀ Èkó. Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kò sí èyí tó sọ iye àpòlúkù tí ọwọ́ kan ti rán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi í gan-an ni iye irú èyí tó fẹ́ ṣe fún yín tó ti ṣe, àti iye tó ṣe lọ́dún yìí. Ẹ bi í pé mélòó ló jò, kí ló sì ṣe sí i. Dókítà tó bá ní òun kò rí ìṣòro kankan rí, yálà kò tíì ṣe púpọ̀ tàbí kò tẹ̀ lé àwọn tó ṣe é fún dé ilé. Ẹ bi í nípa dókítà tí yóò kùn yín lóorun, nítorí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó sanra kò rọrùn láti rí. Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ ṣe é rárá: láti 2022 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí lágbàáyé ti ní kí ẹni tí BMI rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ara sí gíga, bá tó 35 ṣe é, tàbí 30 bí ìtọ̀ ṣúgà bá wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tí yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ yín lọ́dọọdún, torí títí ayé ni ẹ ó máa lo fítámì àti hóró oògùn tó ní èròjà irin.

Òru ni mo ń rò jù. Jíjò náà kì í dúró de ìgbà tí ẹ bá wà ní ọsibítù. Ẹ lè ti dé ilé fún ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́wàá kí ibà tó bẹ̀rẹ̀, kí inú tàbí èjìká òsì máa dun ni, kí ọkàn máa lù kìkìkì, tó ju ìgbà 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìlùkìkì ọkàn ló sábà máa ń ṣáájú, èèyàn á sì rò pé ìrìn ló fà á. Láti Ẹ̀pẹ́ dé ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà, tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní aago méjì òru, ẹni tó mọ ọ̀nà náà mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó lọ ṣe é ní Íńdíà tàbí Tọ́kì tó sì ti padà dé Ìkòròdú, dókítà rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn òkun lóru ọjọ́ yẹn.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi padà lọ bá dókítà náà. Wọ́n kọ àwọn ìbéèrè sẹ́yìn rìsíìtì ẹja. Ohùn wọn kọ́kọ́ ń gbọ̀n. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, mélòó lẹ ti ṣe?"

Kò bínú. Ó ní, "Mẹ́tàlá ni, mà. Ọ̀gá mi dúró tì mí nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì wà níbẹ̀ fún tiyín. Ọ̀kan jò. A padà wọlé lọ́jọ́ kẹfà, ó sì yè é." Ẹ̀gbọ́n mi kọ 13 sílẹ̀, wọ́n kọ 1 sí i nísàlẹ̀. Wọ́n bi í pé bí ara àwọn bá yí padà lóru ńkọ́, kí àwọn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà fóònù méjì fún wọn, tirẹ̀ àti ti ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́, wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n tẹ èkejì níbi tí a jókòó sí. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹnì kan tó gbé e.