Àdéhùn tẹlifíṣàn lórí bọ́ọ̀lù: ohun tó yẹ kí onílé ìwobọ́ọ̀lù mọ̀ kó tó ra dekódà

Lọ́sàn-án Sátidé tí Arsenal àti Chelsea bá fẹ́ wàákò, èrò kì í gbà mọ́ láwọn ilé ìwobọ́ọ̀lù tó wà ní Tanke, Òkè-Odò, Gáà-Akanbí àti agbègbè Post Office nílùú Ìlọrin. Ẹni tó ni ilé ìwobọ́ọ̀lù ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ń pariwo níta, àbókí ń sun súyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹnì kan sì tún wà nígun ilé tó ń fi iná jẹnẹrétọ̀ ṣaájì fóònù fáwọn èèyàn. Gbogbo wọn ló ń jẹun lórí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nílùú tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò dé rí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí púpọ̀ nínú wọn kì í rò. Orí ìwé àdéhùn kan ni gbogbo òwò yìí dúró lé. Bí ìwé náà bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, dekódà tí èèyàn fi owó àjọ rà lè di ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Nàìjíríà, lọ́dún 2010, ó sì lè tún ṣẹlẹ̀.

Kí ni wọ́n ń tà gan-an?

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ta èso orí igi máńgòrò yóò tètè lóye àdéhùn tẹlifíṣàn. Oníṣòwò á lọ bá ẹni tó ni igi, wọ́n á dúnàádúrà, á sì sanwó èso ọdún yẹn. Èso ló rà, kò ra igi. Bí àsìkò bá parí, igi ṣì jẹ́ ti onígi, ẹlòmíràn tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù sì lè gba èso ọdún tó ń bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú líìgì kan á kó gbogbo ìdíje wọn pọ̀, wọ́n á sì ta ẹ̀tọ́ láti gbé e sórí tẹlifíṣàn fún iye ọdún kan. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Premier League, sábà máa ń tà á fáwọn ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n máa ń pín ayé sí ẹkùn ẹkùn, ẹni tó bá ra ẹ̀tọ́ ẹkùn kan kò gbọ́dọ̀ mú un kọjá ibẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i á fi iye tí wọ́n fẹ́ san sílẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ló sábà máa ń mú un lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun nìkan ni yóò máa fi hàn. Ohun tó fà á tí owó rẹ̀ fi ń ga nìyẹn, nítorí ẹni tó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù náà kò ní ibòmíràn tó lè lọ.

Ọdún 1992 tí nǹkan yí padà

Ṣáájú ọdún 1992, abẹ́ àjọ kan tó ń jẹ́ Football League ni ẹgbẹ́ 92 wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìsọ̀rí mẹ́rin ni wọ́n pín sí. Owó tó bá ti ọ̀dọ̀ tẹlifíṣàn wá, gbogbo wọn ló ń jẹ nínú rẹ̀. Inú àwọn ẹgbẹ́ ńlá kò dùn sí èyí. Wọ́n ní àwọn ni aráyé fẹ́ wò, kí ló dé tí ẹgbẹ́ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yóò fi máa bá wọn pín in?

Bí ẹgbẹ́ 22 tó wà nípò àkọ́kọ́ ṣe kó ẹrù wọn jáde nìyẹn, tí wọ́n dá Premier League sílẹ̀. Wọ́n bá BSkyB àti BBC ṣe àdéhùn ọdún márùn-ún, mílíọ̀nù 304 pọ́n-ùn sì ni iye tí wọ́n kéde nígbà náà. Wọ́n tún ṣètò bí wọn yóò ṣe máa pín owó tẹlifíṣàn ilé. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ lọ́gbọọgba, ìdámẹ́rin ń tẹ̀ lé ipò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá wà ní ìparí sáà, ìdámẹ́rin tó kù sì ń tẹ̀ lé iye ìgbà tí wọ́n bá fi ẹgbẹ́ náà hàn lórí tẹlifíṣàn.

Láti ìgbà náà ló ti hàn gbangba pé tẹlifíṣàn kì í kàn ń ya àwòrán bọ́ọ̀lù lásán. Owó rẹ̀ ló ń pinnu ẹni tí yóò bá ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù, àti ẹni tí wọn yóò fi sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ohun tí ojú HiTV rí

Láti ọdún 1993 ni MultiChoice, tó ni DStv, ti wà ní Nàìjíríà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹni tó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ. Ìgbà tó di ọdún 2007 ni iléeṣẹ́ Nàìjíríà kan, Entertainment Highway Limited, tí Toyin Subair jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, gbé HiTV jáde, tó sì gba ẹ̀tọ́ láti fi Premier League hàn ní Nàìjíríà fún sáà mẹ́ta, láti 2007 títí di 2010.

Ẹni tó bá ń ṣe ilé ìwobọ́ọ̀lù nígbà náà kò ní yíyàn méjì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ wo Manchester United, ọ̀dọ̀ HiTV sì ni Manchester United wà. Dekódà tuntun ni wọ́n rà, dísì tuntun ni wọ́n gbé sórí òrùlé.

Nígbà tí àdéhùn náà parí lọ́dún 2010, SuperSport, tó jẹ́ ti MultiChoice, tó ni DStv, gba ẹ̀tọ́ náà padà. Bọ́ọ̀lù ló kó ọ̀pọ̀ oníbàárà wá sọ́dọ̀ HiTV, bọ́ọ̀lù náà ló sì tún kó wọn lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 2011, HiTV ti kógbá wọlé. Dekódà tó kù lọ́wọ́ àwọn èèyàn kò wúlò fún nǹkan kan mọ́.

HiTV nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, GTV, tó ń fi Premier League hàn láwọn orílẹ̀-èdè bíi Kenya àti Uganda, ṣàdédé tilẹ̀kùn, àwọn tó ti san àsansílẹ̀ sì pàdánù.

Nǹkan méjì ló máa ń pa irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra ẹ̀tọ́ náà, bẹ́ẹ̀ owó ilé ni oníbàárà ń san. Láàárín ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi náírà 120, ó gòkè dé nǹkan bíi 150. Ìkejì ni pé ọjà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe oníbàárà. Bí ọjà náà bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò sí ohun tí yóò dá oníbàárà dúró.

Líìgì ilé náà kò gbẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré pẹ̀lú. Lọ́dún 2007 ni SuperSport bẹ̀rẹ̀ àdéhùn pẹ̀lú líìgì ilẹ̀ wa, èyí tí Kwara United ti Ìlọrin wà lára àwọn tó ń gbá a. Ní nǹkan bí ọdún 2017, SuperSport fà sẹ́yìn, owó tó ń wọlé láti ibẹ̀ sì dúró. Lọ́dún 2017 kan náà ni wọ́n fi líìgì Kenya sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ètò líìgì fúnra rẹ̀ yí padà. Sáà 2022 sí 2023 pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Kó lè tètè parí, wọ́n pín ẹgbẹ́ 20 sí ọ̀nà méjì, mẹ́wàá mẹ́wàá, àwọn mẹ́ta tó ṣáájú ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì lọ parí rẹ̀ ní pápá Onikan nílùú Èkó, níbi tí Enyimba ti gba ife.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ 20 bá wà nínú líìgì kan, ìdíje 19 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá nílé. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ 10, ìdíje 9 péré ni. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́nu ọ̀nà pápá kò sí nínú ìpàdé tí wọ́n ti pinnu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè èrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà mẹ́wàá ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sáà tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá líìgì padà sí ẹgbẹ́ 20 tó ń bára wọn gbá.

Ní Amẹ́ríkà, fáfitì ló ń sá kiri

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí le dé jù ni Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn fáfitì ti ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbé tí èrò ìwòran rẹ̀ ń lọ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 1984, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ lọ́hùn-ún dájọ́ pé àjọ NCAA kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ta gbogbo rẹ̀ nìkan. Látìgbà náà ni àwọn fáfitì ti ń kóra wọn jọ, tí wọ́n ń bá tẹlifíṣàn dúnàádúrà fúnra wọn.

Lọ́dún 2022, fáfitì méjì tó wà nílùú Los Angeles, USC àti UCLA, kéde pé àwọn ń fi ẹgbẹ́ Pac-12 sílẹ̀ lọ sí Big Ten. Lọ́dún náà ni Big Ten bá Fox, CBS àti NBC ṣe àdéhùn ọdún méje tó lé ní bílíọ̀nù méje dọ́là. Kò pẹ́ táwọn yòókù náà fi ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ọdún 2024, nínú fáfitì méjìlá tó wà ní Pac-12, méjì péré ló kù: Oregon State àti Washington State. Stanford, tó wà létí òkun Pacific, lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ń fi òkun Atlantic jẹ́ orúkọ, níkangun kejì orílẹ̀-èdè náà.

Ìlú kéékèèké ni Corvallis àti Pullman, níbi tí fáfitì méjì tó kù yìí wà. Ọjọ́ ìdíje ni òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ ibẹ̀ ń retí. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn náà kí wọ́n tó tú ẹgbẹ́ ká.

Kí ni oníṣòwò kékeré lè ṣe?

Àkọ́kọ́, kí ẹ tó ra irinṣẹ́, ẹ béèrè ọjọ́ tí àdéhùn tó wà nílẹ̀ yóò parí, kí ẹ sì rí i pé owó yín wọlé padà kó tó di ọjọ́ náà. Ká ní ẹnì kan fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta (600,000) náírà ra tẹlifíṣàn ńlá, dekódà àti jẹnẹrétọ̀, tí ó sì ku sáà méjì kí àdéhùn parí. Oṣù mẹ́wàá ni sáà kan, láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Karùn-ún. Oṣù ogún ló ní. Ó gbọ́dọ̀ máa ya náírà 30,000 sọ́tọ̀ lóṣù fún owó tó fi ra irinṣẹ́ nìkan, lẹ́yìn tó bá ti san owó epo, owó ilé àti àsansílẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá lè tó iye yẹn, kó ra èyí tó kéré.

Ìkejì, ẹ má ṣe fi àsansílẹ̀ ti inú ilé ṣòwò. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ní èyí tí wọ́n ń tà fún òwò lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi ti ilé gbowó lọ́wọ́ èrò ti rú àdéhùn tirẹ̀, wọ́n sì lè gé e nígbàkigbà.

Ìkẹta, ẹ má ṣe gbójú lé ìjọba pé yóò tètè bá yín yanjú rẹ̀. Lọ́dún 2020, àjọ NBC gbé òfin jáde pé ẹni tó bá ra ẹ̀tọ́ eré ìdárayá gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tẹlifíṣàn mìíràn rà nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nílùú Èkó wọ́gi lé e lọ́dún 2022. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá fúnra wọn ń tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn: lọ́dún 2025 ni Canal+ ti ilẹ̀ Faransé ra MultiChoice.

Ìkẹrin, ẹ jẹ́ kí nǹkan mìíràn máa mówó wọlé nínú ilé kan náà. Ẹni tó ń ta ohun mímu, tó ń ṣaájì fóònù, tó sì ń fi fíìmù Yorùbá hàn lọ́jọ́ tí kò bá sí bọ́ọ̀lù, kò ní pa ilẹ̀kùn dé lọ́jọ́ tí ìwé àdéhùn bá yí padà.

Ayálégbé tó gbọ́n kì í gbàgbé ọjọ́ tí owó ilé pé. Ẹni tó bá ń fi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lókèèrè jẹun, ayálégbé lòun náà. Kó mọ ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ ń pé.