Ìtàn àwọn bàbá tó jagun Bọ́mà: Ilé ìkàwé ló yẹ kí a ti máa wò ó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lójoojúmọ́ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Òṣòdì, tí àwọn mìíràn sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé ogun Hitler ló bí ibùdó àwọn ológun kan tó wà ládùúgbò náà?

Ibùdó ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní NAFRC, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sójà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọwọ́. Ọdún 1944 ni ìjọba òyìnbó amúnisìn dá a sílẹ̀, kí àwọn ọmọ wa tó ti ojú Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀ lè rí iṣẹ́ jẹun. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ sí Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, láti bá àwọn ará Japan jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọ Nàìjíríà.

Fíìmù ogun kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka tó ń ṣe sinimá fún àwọn ìlú tó wà lábẹ́ wọn sílẹ̀. Mọ́tò sinimá ìjọba á wọ abúlé, wọ́n á ta aṣọ funfun, tọmọdé tàgbà á sì pé jọ. Nígbà náà, torí kí àwọn èèyàn lè ti ogun náà lẹ́yìn ni wọ́n ṣe ń gbé fíìmù kiri. Ohun tó kù báyìí ni kí a fi fíìmù yẹ́ àwọn tó ja ogun ọ̀hún sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1942. Ìtọ́jú àwọn aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan, wọ́n sì yìnbọn lù wọ́n. Ìbọn ba Isaac lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni ará abúlé kan tó ń jẹ́ Shuyiman gbé pamọ́ sínú ilé rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ewu ńlá ni fún òun àti ìdílé rẹ̀. Inú oṣù Kejìlá ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wá gbà wọ́n sílẹ̀. Ìgbà tí Isaac padà délé, títiro ló ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Bàbá yìí kò jẹ́ kí ìtàn náà bá òun lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé àkójọpọ̀ ohun ogun, Imperial War Museum, ní London ni Barnaby Phillips, akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti rí àkọsílẹ̀ náà. Ó wá bàbá rí l'Ékòó, ó sì mú lẹ́tà ìdúpẹ́ bàbá lọ sí Myanmar. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ó bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ìrìn àjò yìí ló di fíìmù The Burma Boy lọ́dún 2011. Bàbá Fadoyebo kú lọ́dún 2012.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. London ni wọ́n ti rí ìtàn ọmọ Ọ̀wọ̀. Bí kò bá sí ibi tó tọ́jú ìwé bàbá yẹn, fíìmù kankan kò ní sí.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ilé ìkàwé ìjọba, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní láíbìrì, dá sí i. Lọ́dọọdún, ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, ìyẹn ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970, ni à ń ṣe ìrántí àwọn ológun. Wọ́n á gbé òdòdó sílẹ̀, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, kálukú a gba ilé rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ náà, kí ló burú bí àwọn ọmọ iléèwé Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ bá jókòó ti àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ní láíbìrì, kí wọ́n jọ wo fíìmù, kí àwọn àgbà sì sọ tẹnu wọn? Tẹlifísọ̀n, jẹnẹrétọ̀ àti àga ni ohun tó ń ná ni. Kí ẹnì kan gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú fọ́tò àti ìwé wọn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2000 ni ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ wọn ti ń gba ìtàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì jọ.

A mọ̀ pé fíìmù ogun abẹ́lé lè ta egbò jí. Nítorí náà, kí wọ́n pe tọ̀tún tòsì, kí wọ́n sì jẹ́ kí oníkálukú sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Àwọn tó lọ Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Àwọn tó ja ogun abẹ́lé ti darúgbó. Àwọn tó lọ Làìbéríà lọ́dún 1990 náà ti ń hu ewú. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ lálẹ́ òní, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.