Bí Ẹ Ó Ṣe Fọwọ́ Ara Yín Tọ́jú Katakata Tuntun Nígbà Àkọ́kọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, nítorí bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra katakata kékeré wí gan-an. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń kó owó ọdún púpọ̀ jọ kí wọ́n tó lè ra ẹ̀rọ yìí. Bó bá sì ti dé oko, ọkàn wọn á balẹ̀ pé ohun tuntun ni, pé kò ní í nílò ìtọ́jú kan títí ọdún yóò fi yípo. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ìgbà tí katakata ṣì wà ní tuntun gan-an ni ìtọ́jú tó ṣe pàtàkì jù lọ máa ń bọ́ sí.

Nínú ìwé ìlò tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Kubota àti John Deere ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ katakata kékeré wọn, wákàtí 50 ni wọ́n dá fún ìtọ́jú àkọ́kọ́. Kì í ṣe oṣù la fi ń kà á. Aago kan wà níwájú awakọ̀ tó ń ka iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti fi ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Katakata tó ń túlẹ̀ fún wákàtí 8 lójúmọ́ yóò ti lo wákàtí 48 lọ́jọ́ kẹfà. Ìyẹn ni pé bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìtọ́jú ti tó ṣe. Àkókò náà gan-an ni àwọn tó fẹ́ kí wọ́n bá wọn túlẹ̀ máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà olówó katakata, tí kò sì ní í wù ú láti dá ẹ̀rọ dúró fún ààbọ̀ ọjọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ wákàtí 50?

Àwọn irin tuntun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì àti gíà kò tíì mọ ara wọn lára. Bí wọ́n ti ń fara gbo ara wọn, eérún irin wínníwínní ń bọ́ lára wọn sínú ọ́ìlì. Bí wọ́n bá ti bá ara wọn mu tán, eérún yìí yóò dín kù púpọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ́ìlì àkọ́kọ́ ló máa ń ní irin nínú jù lọ. Fílítà ń gba púpọ̀ nínú eérún yìí, ṣùgbọ́n bí fílítà bá dí, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ní ọ̀nà àbùjá kan tí ọ́ìlì ń gbà kọjá láìjẹ́ pé a sẹ́ ẹ, kí irin má baà máa ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ. Nígbà náà, ọ́ìlì tó yẹ kó dáàbò bo irin ni yóò máa lọ̀ ọ́ bí ọlọ. Ẹ má sì fi àwọ̀ ọ́ìlì ṣe ìdájọ́: ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì dísù máa ń tètè dúdú, eérún irin kò sì ṣeé fojú rí.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Ẹ ra gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, fílítà rẹ̀, fílítà ọ́ìlì gíà, wọ́ṣà tuntun, gírísì àti ẹ̀rọ tí a fi ń fún un, sípánà tó bá nọ́ọ̀tì mu, abọ́ ńlá tí yóò gba ọ́ìlì àlòkù, àti aṣọ mímọ́. Irú ọ́ìlì tí ìwé ìlò bá dárúkọ ni kí ẹ rà. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísù ló ń lo 15W-40 ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ṣùgbọ́n ìwé ìlò ló ni àṣẹ. Ẹ yẹ ìdérí gálọ́ọ̀nù wò dáadáa, nítorí ayédèrú ọ́ìlì kún ọjà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ́ìlì gíà yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀pọ̀ katakata kékeré, ọ́ìlì gíà yìí kan náà ló ń gbé ohun èlò ẹ̀yìn sókè. Ẹ má da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i láéláé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ẹ gbé katakata sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ọ́ìlì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń yára ṣàn, ó sì ń gbé ìdọ̀tí jáde. Ẹ sọ ohun èlò ẹ̀yìn kalẹ̀ pátápátá, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fi òkúta tàbí igi há táyà.

Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tú bóòtì ìsàlẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà jáde. Ẹ ṣọ́ra kí ó má jó yín. Bó bá ro tán, ẹ fi wọ́ṣà tuntun sí i, kí ẹ dè é padà. Ẹ wá tú fílítà àtijọ́. Ẹ wò ó bóyá rọ́bà etí rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, nítorí bí rọ́bà méjì bá pàdé, ọ́ìlì yóò máa jò. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa etí fílítà tuntun, kí ẹ sì fi ọwọ́ lásán dè é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá fi agbára irin dè é, rọ́bà rẹ̀ lè ya.

Ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i títí yóò fi wà láàrin àmì méjèèjì ara ọ̀pá géèjì. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú bíi 5, kí iná ọ́ìlì sì kú. Ẹ wo ìdí fílítà bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n.

Ó kan fílítà gíà. Ẹ ka ìwé ìlò, nítorí àwọn katakata kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ọ́ìlì gíà la ó pààrọ̀, òmíràn sì wà tó jẹ́ fílítà nìkan. Àwọn kan ní mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gba eérún irin; ẹ nù ún mọ́. Bí ohun tó wà lára rẹ̀ bá dà bí ẹrẹ̀ dúdú kíkúnná, kò sí ewu. Bó bá jẹ́ èékán irin tàbí eyín gíà, ẹ má tan ẹ̀rọ náà mọ́. Ẹ pe ẹni tó tà á.

Lẹ́yìn ọ́ìlì, ẹ dè gbogbo nọ́ọ̀tì táyà, nítorí nọ́ọ̀tì táyà tuntun máa ń dẹ̀. Ẹ wo bẹ́líìtì fáànù, atẹ́gùn táyà, fílítà afẹ́fẹ́, àti àwọn okùn rọ́bà. Ẹ fún gírísì sí gbogbo ojú tó ń gbà á. Ẹ wo omi rẹdiétọ̀ nígbà tó bá tutù, ẹ má ṣí i nígbà tó bá gbóná.

Ibi tí ẹ ó ti dúró

Bí okùn ọ́ìlì tó ń gbé ohun èlò sókè bá ń jò, ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ti lù. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ń fi agbára jáde débi pé ó lè gún awọ ara wọlé. Ilé ìwòsàn ni ọ̀nà nígbà náà, láìfi falẹ̀. Páálí ni kí ẹ fi wá a. Ìtúnṣe inú gíà àti ẹ̀rọ tó ń fín dísù sínú ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ yanjú ni.

Ọ́ìlì àlòkù tí a ń pè ní kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù kì í ṣe ohun à ń dà sílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tàbí sétí kànga. Ó ń ba omi mímu jẹ́, ó sì léwu fún awọ ara. Ẹ rọ ọ́ sínú kéègì, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń rà á.

Níkẹyìn, ẹ kọ ọjọ́, iye wákàtí àti ohun tí ẹ pààrọ̀ sínú ìwé kan, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Bí àdéhùn ìtúnṣe ọ̀fẹ́ bá wà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta ẹ̀rọ bóyá ó gbà kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é, nítorí ìwé yìí lè jẹ́ ẹ̀rí yín lọ́jọ́ ọ̀ràn. Ẹ kọ wákàtí tí ìtọ́jú kejì yóò bọ́ sí síbi tí awakọ̀ yóò ti máa rí i. Ààbọ̀ ọjọ́ tí ẹ fi dá katakata dúró kì í ṣe àdánù. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú láàrin ìgbà òjò ni àdánù, nítorí òjò kì í dúró de ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.