Bósítà Kọ́ ni Oògùn Rẹ̀: Ìwé Ìlàlóye Lórí Ìdíwọ́ Íntánẹ́ẹ̀tì Aláìlówáyà ní Ìgbèríko

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn Òró ọmọ Ẹbẹ̀dí títí dé Ṣakí Àsabàrí, ẹ̀yin ni a kọ ìwé yìí fún. Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wá sí kántà ọ́fíìsì wa láti fi íntánẹ́ẹ̀tì sùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn alárinà tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ kékeré kan tí à ń pè ní bósítà, tí wọ́n sì ti gbé e kọ́ lábẹ́ àjà, kí wọ́n tó wá bá wa nígbà tí ọ̀ràn náà ti di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Kí ẹ tó pè é ní ìdíwọ́

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ń fà ni ìgbì ẹlòmíràn ń kọ lu tiyín. Bí ó bá jẹ́ dísì ni ẹ fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó, ẹ wò ó bóyá atẹ́gùn ti yí i, bóyá omi ti wọ ẹnu wáyà, tàbí bóyá igi máńgòrò tí ó kéré nígbà tí wọ́n gbé dísì náà ró ti dàgbà dí i lójú. Ẹ lè máa rí òpó náà kedere kí igi ṣì máa dí i, nítorí ìgbì kì í rìn bí okùn tín-ín-rín: lórí 5.8 GHz, bí ọ̀nà bá gùn tó kìlómítà 10, àyè tí ìgbì ń fẹ́ ní agbedeméjì rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 11 lókè àti nísàlẹ̀ ibi tí ojú ń wò. Kì í ṣe igi nìkan, òkè tí ó gba àwọn baba wa lọ́wọ́ ogun náà ń dí ìgbì lónìí. A kò sì lè tìtorí dátà ṣí òkè Àsabàrí nídìí.

Ọ̀ràn bósítà

Bí ẹ kò bá ka ibòmíràn nínú ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí. Ántẹ́nà méjì ni bósítà ní, ọ̀kan níta tí ń gba ìgbì láti orí òpó, èkejì nínú ilé tí ń tú u jáde lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà bá ti sọ ọ́ di ńlá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹ̀rọ náà kò mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ariwo, gbogbo rẹ̀ ni ó ń sọ di ńlá, ó sì tún ń da tinú ilé padà sí òpó. Bí ántẹ́nà méjèèjì bá wá súnmọ́ ara wọn jù, bí ó ti sábà máa ń rí nínú ilé tí kò láyè, ti ìta yóò máa gbọ́ ti inú ilé, ẹ̀rọ náà yóò sì máa ké bí máíkì ti ń han gooro lóde àríyá nígbà tí olórin bá gbé e kọjú sí sípíkà. Ẹ̀yin kò ní gbọ́ igbe náà, ṣùgbọ́n òpó ń gbọ́ ọ, ohùn wẹ́wẹ́ tí fóònù gbogbo ìlú fi ń ránṣẹ́ sí i yóò sì rì sínú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ra bósítà lè máa yọ̀ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kún ojú fóònù òun, nígbà tí oníPOS tí ó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní àdúgbò kejì ń bá oníbàárà jà, nítorí pé báńkì ti yọ owó, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì wọlé.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bá aládùúgbò yín sọ ọ́, kí ó yọ bósítà rẹ̀ lórí iná fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí gbogbo yín sì jọ wò ó bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yóò sàn.

Òfin kò gbà kí a máa ta ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà láìjẹ́ pé àjọ NCC tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ti fọwọ́ sí irú rẹ̀. Pé wọ́n ń ta bósítà ní gbangba ọjà kò sọ ọ́ di ohun tí ó tọ́. A sì tún un wí, bí a ti ń wí i lójoojúmọ́ ní kántà: ọ́fíìsì yìí kì í ta bósítà, a kì í fi yá ènìyàn, a kò sì rán ẹnikẹ́ni láti gbé e ró. Ẹni tí ó bá ní àwa ni a rán òun, irọ́ ni ó ń pa, ìbáà wọ aṣọ tí ó jọ tiwa, ìbáà mọ orúkọ ọ̀gá wa. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ tún wáyà tí ó jẹrà ṣe, kí owó yín má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn alárinà.

Ojú-ọ̀nà ìgbì kì í ṣe títà

Àwọn kan ń wá gba ìwé tí yóò sọ ojú-ọ̀nà Wi-Fi di tiwọn nìkan. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Tajá tẹran ló ń lo 2.4 GHz àti 5.8 GHz, kò sì sí ẹni tí a yà á sọ́tọ̀ fún. Lórí 2.4 GHz, ojú-ọ̀nà 1, 6 àti 11 ni kì í tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Kí ẹ̀yin àti aládùúgbò pín wọn. Ẹ sọ fún ẹni tí ó bá yín gbé dísì ró pé kí ó dín ìbú ojú-ọ̀nà kù láti 80 MHz sí 20 MHz: eré rẹ̀ yóò dínkù, ṣùgbọ́n ariwo tí yóò máa gbà yóò dínkù púpọ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀ wá sùn

Ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún ni ẹ ó kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sùn, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ìfisùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó bá dé kántà wa láìní nọ́ńbà ìfisùn yẹn yóò padà sílé lọ mú un wá, ẹ má bínú. Ẹ kọ aago tí ìdíwọ́ náà ń bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó ń parí sílẹ̀, pàápàá ní àárọ̀ kùtù ìgbà ọyẹ́, tí ìgbì òpó ọ̀nà jíjìn lè rìn wá débi tí kì í dé tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ti ra bósítà, ẹ yọ ọ́ lórí iná lónìí, kí ẹ sì gbé e bọ̀ pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀. A kò ní bu owó ìtanràn fún ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ gbé e wá. Ẹni tí ó tà á fún un ni a ń wá.