Kí ẹ tó ra ìbọn àkọ́kọ́: ohun tí ó yẹ kí ọdẹ àti àgbẹ̀ mọ̀

Ní ìlú Lokoja, níbi tí odò Ọya ti pàdé odò Benue, àti ní àwọn ìletò Òwòrò àti Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ìbọn kì í ṣe ohun àjèjì. Ọdẹ ń lò ó láti wá ẹran, àgbẹ̀ sì ń lò ó láti lé ọ̀yà àti ọ̀bọ kúrò nínú oko. Lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí tí ẹ̀rù àwọn ajínigbé ti ń ba ará oko, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí ni ó ti ń béèrè irú èyí tí ó yẹ kí òun fi bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè mìíràn wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú ìyẹn: ǹjẹ́ ojú mi, ọkàn mi àti ilé mi yẹ fún ìbọn? Bí ìbọn ti wù kí ó dára tó, bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò yẹ, ewu ni fún gbogbo ará ilé. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ìbọn fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera kí ó tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà.

Ohun tí òfin wí

Òfin tí ó de ìbọn ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni a ṣe ní ọdún 1959, ó sì wà nínú àkójọ òfin àpapọ̀ ti ọdún 2004. Ó pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí a kà léèwọ̀, bí ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn ológun tí ọta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 7.62 tàbí 9, àti ìbọn ìléwọ́. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fún ènìyàn ní àṣẹ láti ní irú wọn. Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn ti ara ẹni: ìbọn ọdẹ olójú kan tàbí olójú méjì tí kì í ki ara rẹ̀, ìbọn ọlọ́ta kékeré tí a fi ń ṣọdẹ tàbí ṣeré ìdárayá, àti ìbọn tí ń fi afẹ́fẹ́ ta ọta. Ìwé àṣẹ láti ọwọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni ó lè mú kí ènìyàn ní wọn.

Ìsọ̀rí kẹta ni àwọn tí a ń ki ẹ̀tù bọ̀ lẹ́nu, èyí tí a mọ̀ sí ṣakabùlà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ṣakabùlà kò nílò ìwé kankan nítorí pé ó jẹ́ ti àtayébáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn kan ń rà fún ọmọdé ti ní tirẹ̀.

Òfin kan náà sọ ẹni tí a kò gbọdọ̀ fún ní ìwé àṣẹ: ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ẹni tí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ nínú ọtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ ṣàkíyèsí pé mẹ́ta nínú márùn-ún yìí, ọ̀rọ̀ ìlera ni. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sí ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá láti béèrè ìlànà tí ó wà lóde, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú. Ẹni tí kò bá lè dá igi mọ̀ yàtọ̀ sí ènìyàn ní àṣálẹ́ kò gbọdọ̀ yin ìbọn ní àṣálẹ́.

Irú èyí tí ó yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́

Níbi gbogbo tí a ti ń kọ́ni ní ìbọn yíyìn fún eré ìdárayá, ìbọn ọlọ́ta kékeré ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí ọta rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 5.6, tí àwọn òyìnbó ń pè ní .22. A gbẹ́ ilà yíyípo sí inú ọ̀pá rẹ̀. Bí ọta bá ti ń gba àárín ilà wọ̀nyí kọjá, yóò máa pòyì, èyí ni ó sì ń mú kí ó lọ tààrà. Ẹ̀tù inú rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà kì í ta ènìyàn ní èjìká, ariwo rẹ̀ kò sì tó ti ìbọn ńlá. Ẹni tí ìbọn kò bá dẹ́rù bà ni ó lè fara balẹ̀ kọ́ ohun tí ó tọ́. Ẹni tí ìbọn ńlá bá gbá ní èjìká ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yóò máa dijú kí ó tó yìn ín, ẹni tí ó bá sì dijú kò mọ ibi tí ọta rẹ̀ ń lọ.

Nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, èyí tí a ń ki ọta kan ṣoṣo sí lẹ́ẹ̀kan ni ó dára jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá ti yìn ín tán, ó di dandan kí ó dúró, kí ó ṣí i, kí ó sì ronú kí ó tó ki òmíràn. Kí ìbọn náà má gùn tàbí wúwo ju agbára ẹni tí yóò lò ó lọ. Bí apá bá ti ń gbọ̀n, ẹnu ìbọn yóò máa ṣáko. Kí ẹ wò ó bóyá irú ọta tí a kọ sí ara ọ̀pá rẹ̀ bá èyí tí ẹ fẹ́ rà mu. Ọta tí kì í ṣe tirẹ̀ lè fọ́ ìbọn mọ́ni lójú.

Àgbélẹ̀rọ, ìyẹn ìbọn tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ ní ìkọ̀kọ̀, kò yẹ ẹnikẹ́ni. Rírọ ìbọn láìgba àṣẹ lòdì sí òfin. Yàtọ̀ sí èyí, irin tí a fi rọ ọ́ lè jẹ́ páìpù lásán tí a kò ṣe fún agbára ẹ̀tù. Bí ó bá bẹ́, ọwọ́ àti ojú ẹni tí ó yìn ín ni yóò kọ́kọ́ bá lọ.

Ìlànà mẹ́rin tí ń dá ẹ̀mí sí

Àwọn àgbà wí pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Òwe yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìlànà tí a fi ń kọ́ni ní ìbọn lóde òní.

Èkíní, ẹ ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ ti sọ fún yín pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ẹ ṣí i kí ẹ fi ojú ara yín wò ó.

Èkejì, ẹ má ṣe kọ ẹnu ìbọn sí ohunkóhun tí ẹ kò fẹ́ pa, ìbáà ṣe nínú eré. Kí ẹnu rẹ̀ máa wo ilẹ̀ tàbí ibi tí kò sí ènìyàn nígbà gbogbo.

Ẹ̀kẹta, kí ìka yín má ṣe kan ibi tí a ń fà títí ojú yín yóò fi wà lára ohun tí ẹ fẹ́ yin ìbọn sí. Ẹni tí ó bá fi ìka síbẹ̀ nígbà tí ó ń rìn, bí ó bá fẹsẹ̀ kọ, ìbọn lè dún.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ yin ìbọn sí, kí ẹ sì mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ewé tí ó mì kì í ṣe ẹran. Ojú tí ó ń tàn nínú iná ọdẹ lóru lè jẹ́ ti ajá tàbí ti ewúrẹ́ aládùúgbò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ọdẹ bá fi iná sí igbó láti lé ẹran jáde, kí olúkúlùkù mọ ibi tí èkejì rẹ̀ dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má sì yin ìbọn sí apá ibẹ̀.

Bí a bá fa ìbọn tí kò sì dún, kí ẹ má ṣe yí i padà láti wo ẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kọjú sí ibi tí kò léwu fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán, kí ẹ tó ṣí i. Nígbà mìíràn iná máa ń pẹ́ kí ó tó ràn mọ́ ẹ̀tù.

Kékeré ọta kì í ṣe kékeré ewu

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ènìyàn ń fojú tín-ín-rín ọta kékeré. Ọta mílímítà 5.6 tí a bá ta sókè díẹ̀ lè fò ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ, ó sì lè pa ẹni tí ó bá bà lójú ọ̀nà. Ní Lokoja, ohun méjì ni ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Odò ni àkọ́kọ́. Ọta tí ó bá lu ojú omi lè ta padà bí òkúta tí ọmọdé fi ń ṣeré létí odò, kí ó sì lọ bá apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi. Òkè àti àpáta ni èkejì, bí irú èyí tí ó wà ní òkè Patti. Ọta tí ó bá lu àpáta kò ní ibi kan pàtó tí ó ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ìbọn yíyìn, ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ní ibi tí òkìtì erùpẹ̀ gíga wà lẹ́yìn àmì tí ẹ ń ta.

Fún ìdí kan náà, yíyin ìbọn sókè níbi òkú tàbí ayẹyẹ kò dára. Ohun tí ó bá lọ sókè yóò wá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ara rẹ̀ tàbí ara ẹlòmíràn dán ayẹta wò. Ó ti mú ẹ̀mí lọ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Etí, ojú àti òjé

Ariwo ìbọn ọlọ́ta kékeré tó nǹkan bí 140 decibel, ti ìbọn ọdẹ ńlá sì lè ju 150 lọ. Ọ̀rọ̀ tí a ń bá ara wa sọ kò ju nǹkan bí 60 lọ. Ariwo tí ó tó 140 lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, etí tí ó bá sì bàjẹ́ báyìí kì í sábà padà bọ̀ sípò. Ọ̀pọ̀ ọdẹ àgbà tí a ń pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀, ìbọn lè ti ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ ra ohun ìdìtí tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí, nítorí òwú lásán kò tó. Kí ẹ sì wọ awò ojú tí kì í tètè fọ́.

Òjé ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọta. Gbogbo wa ni a rí ohun tí òjé lè ṣe ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, nígbà tí èyí tí ó wà nínú erùpẹ̀ tí a ti ń wa góòlù pa ọmọdé tí ó lé ní irínwó. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Nítorí náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìbọn yíyìn kí ẹ tó jẹun. Ẹ má ṣe yọ́ òjé bátìrì ọkọ̀ nínú ilé ìdáná láti fi rọ ọta. Ẹ gé ẹran tí ó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù kí ẹ tó sè é, pàápàá bí ọmọdé tàbí aláboyún yóò bá jẹ nínú rẹ̀.

Ibi tí ìbọn ń sùn

Ìbọn tí a fi kọ́ ara ògiri tàbí tí a fi sí abẹ́ ibùsùn, ọmọdé ti mọ ibẹ̀. Ẹ yọ ọta kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ ti ìbọn mọ́ inú àpótí, ẹ ti ọta mọ́ ibòmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ nìkan. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ń ní ìbànújẹ́ ọkàn tí kò lọ, tí ó ń sọ pé ayé sú òun, tàbí tí ó ti sọ ọtí àti oògùn olóró di oúnjẹ, ẹ gbé ìbọn kúrò nílé pátápátá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ẹ sì mú ẹni náà lọ rí dókítà. Ìrònú láti pa ara ẹni máa ń kọjá lọ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá rí ìrànlọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìbọn kì í fún ènìyàn láàyè láti yí ọkàn padà.

Bí ọta bá ba ènìyàn

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìbọn kò tún lè dún mọ́. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi, ẹ má sì ṣe gbé ọwọ́ kúrò láti máa yọjú wò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ láti apá tàbí ẹsẹ̀ kò bá dá, ẹ fi aṣọ fífẹ̀ dì í le ní òkè ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì rántí aago tí ẹ dì í. Ẹ má ṣe yọ ọta, ẹ má ṣe da epo, eérú tàbí àgbo sí i. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ní Lokoja, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí a ń pè ní Federal Medical Centre tẹ́lẹ̀.

Láti ọdún 2017 ni òfin ti wà tí ó pa á láṣẹ fún gbogbo ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà láti gba ẹni tí ọta bà, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà ní ìwé ọlọ́pàá tàbí kò ní, ìbáà san owó sílẹ̀ tàbí kò san. Ilé ìwòsàn ni yóò fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti gba ìwé. Iṣẹ́jú tí a bá fi wá ìwé lè jẹ́ èyí tí ó yẹ kí a fi gba ẹ̀mí là.

Ẹni tí ó bá ti ka gbogbo èyí tí ó sì rí i pé ojú òun kò mọ́lẹ̀ tó, tàbí pé kò sí ibi ìpamọ́ tí ó ṣeé tì ní ilé òun, kí ó má ra ìbọn. Pańpẹ́ àti ọgbà tí a fi yí oko ká lè dènà ọ̀yà láìsí pé ẹ̀mí ọmọ ẹnikẹ́ni wà nínú ewu.