Ẹ Bá Mi Wo Cotton Bowl

Bí ẹ bá ní kí ọmọ Dallas júwe pápá ìṣeré tó dáa fún yín, ti Arlington ló máa sọ: òrùlé tó ń ṣí tó ń padé, ẹ̀rọ amúlétutù, tẹlifíṣọ̀n ràgàjì tó so kọ́ lókè. Mi ò bá a jiyàn. Àmọ́ Ìbàdàn lèmi dàgbà sí, mo ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Liberty Stadium kí wọ́n tó fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é. Bí àlejò bá dé bá mi, Cotton Bowl ní Fair Park ni mo ń mú un lọ. Ọdún 1930 ni wọ́n ṣí i.

Bọ́ọ̀lù ibẹ̀ kì í ṣe tiwa. Èyí tí wọ́n ń há mọ́ abíyá sáré ni, tí àwọn géńdé tó dé akoto ń kan ara wọn bí àgbò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń gbá a, ṣùgbọ́n ẹ má fojú bọ́ọ̀lù iléèwé wò ó o. Nítorí Doak Walker, ọmọ yunifásítì Southern Methodist, èrò pọ̀ débi pé wọ́n gbé ìjókòó mìíràn lé orí ti tẹ́lẹ̀ lọ́dún 1948 àti 1949. Ilé tí Doak kọ́ ni wọ́n ń pe pápá náà títí dòní. Ní báyìí, ó ń gba èèyàn tó lé ní 90,000.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò ni ibi tójú ríran dé. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wọnú ni, kí wọ́n tó to ìjókòó yí i ká. Ẹ ó rọra rìn wọlé láti ìta, àfi kẹ́ ẹ bá pápá nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín.

Èyí tó wù mí jù ni ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tó wà lápá gúúsù. Òun nìkan ni ikọ̀ méjèèjì ń gbà jáde. Nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí àríyá ńlá ìpínlẹ̀ Texas bá ń lọ lọ́wọ́ ní Fair Park, yunifásítì Texas àti ti Oklahoma máa ń pàdé níbẹ̀. Ìlà àárín pápá ni wọ́n fi ń pín òǹwòran: aláwọ̀ ọsàn ti Texas lápá àríwá, aláṣọ pupa ti Oklahoma lápá gúúsù. Ó wá di dandan kí àwọn ọmọ Texas gba abẹ́ àwọn ará Oklahoma jáde. Èébú tí ń rọ̀ lé wọn lórí kò ṣe é kọ síbí! Ta ni yóò ya irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sínú pápá tuntun?

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ bẹ́ńṣì rẹ̀ kò ní ẹ̀yìn. Ibòji ṣọ̀wọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ há, bí eré bá sì dúró fún ìsinmi, ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ débi tí wọ́n ti ń ta sọ́séèjì onígi. Ìjọba ìlú ti gbé 140 mílíọ̀nù dọ́là lé àtúnṣe rẹ̀, wọ́n sì ti fẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn lójú. Ó tọ́ sí i.

Wọ́n ti fẹ pápá náà rí, wọ́n ká kóríko àtọwọ́dá kúrò, torí pé Ife Àgbáyé ọdún 1994 ń bọ̀, bọ́ọ̀lù tiwa sì ń fẹ́ àyè tó gbòòrò ju tiwọn lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, Finidi George ta bọ́ọ̀lù sí Rashidi Yekini, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars wa rí. Ó gbá a wọlé. Gọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní Ife Àgbáyé nìyẹn. Àwọ̀n tó dì mú, tó ń ké, ní Cotton Bowl ló wà. A na Bulgaria ní 3–0. Mo máa ń fi èyí dá ará Oklahoma tó bá jókòó tì mí lẹ́kọ̀ọ́, bó fẹ́ bó kọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jókòó sápá ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn ọ̀sán lè wà lẹ́yìn yín. Tíkẹ́ẹ̀tì Texas àti Oklahoma gbówó lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè fi wọ inú àríyá náà. Ti eré tí Grambling àti Prairie View, yunifásítì àwọn èèyàn dúdú méjèèjì, máa ń gbá níbẹ̀ kò le koko bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹ má ṣe dìde lọ ra oúnjẹ nígbà ìsinmi. Ìgbà yẹn làwọn onífèrè àti onílù ń jáde, àwọn gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn sì sanwó wá wò.