OPARUN FÚN ILÉ ÌSINMI INÚ IGBÓ

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé sínú igbó, kí àwọn ènìyàn lè máa wá sinmi, kí wọ́n sì máa ṣe yóga níbẹ̀, kò gbọdọ̀ pa igbó náà run. Ìparọ́rọ́ igbó ni ọjà tí a fẹ́ tà. Bí igbó bá tán, owó ẹgbẹ́ wọgbó nìyẹn.

Ní erékùṣù Bali, ní ilẹ̀ Indonéṣíà, oparun ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀. Òun náà ni wọ́n fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Green School tí wọ́n ṣí ní 2008. Láàárín ọdún 3 sí 5 ni oparun máa ń gbó tó gé, a sì tún máa hù láti ìdí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ oparun sí igi tí bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró, tí kì í pẹ́ jẹrà. Òótọ́ ni, bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Adùn inú rẹ̀ ni kòkòrò ń wá. Nítorí náà, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi tí a po borax àti boric acid mọ́, wọn a sì gbẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òjò a máa fọ oògùn yìí dànù. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi rì í mọ́lẹ̀: orí òkúta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dúró sí, etí òrùlé a sì yọ síta dáadáa. Wọn kì í mọ ògiri yí i ká, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ wọlé.

Kí ẹ tó sanwó fún káfíńtà, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: kí ni ó fi rẹ oparun náà? Orí kí ni yóò gbé e kà? Bí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ di owó ẹgbẹ́ yín mú.